Ọmọ Mẹ́sàn-án Lábẹ́ Òrùlé Kan

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni aláyẹ̀wò láti ọ́fíìsì ìjọba dúró níwájú ilé Káfíńtà. Ó gbójú sókè, ó ka pátákó tó wà lókè ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ nǹkan sínú ìwé ọwọ́ rẹ̀, kó tó wá kan ilẹ̀kùn tó ti ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Nínú ilé, ọmọ mẹ́rìnlélógójì ló ń pe ìsọdipúpọ̀ ní ohùn kan. Àwọn kékeré wà ní pálọ̀, àwọn tó dàgbà díẹ̀ wà ní yàrá tó tẹ̀ lé e. Ìyàwó Káfíńtà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà, dúró sáàárín yàrá méjèèjì, ojú kan níhìn-ín, etí kan lọ́hùn-ún. Bí ọmọ kan bá gbẹ̀yìn àwọn yòókù kó tó sọ "méjìdínlógún", Tíṣà á gbọ́, á gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wọn á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí "mẹ́ta lọ́nà kan". Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo ló fẹ́ máa gbọ́.

Káfíńtà wà lẹ́yìn ilé, ó ń fá pákó. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá, jókòó ti sítóòfù ní ilé ìdáná, ó ń ṣọ́ ẹ̀wà tí àwọn ọmọ máa jẹ lọ́sàn-án.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni aláyẹ̀wò wí. "Ta ló ni ilé-ẹ̀kọ́ yìí?"

Ìsọdipúpọ̀ dúró lójijì.

"Kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́, sà," ni Tíṣà dáhùn. "Ilé wa ni. Mo kàn ń bá àwọn aládùúgbò kọ́ ọmọ wọn níwèé ni."

Ọkùnrin náà kò bá a jiyàn. Ó kàn nàka sí pátákó.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni Káfíńtà gbé pátákó náà kọ́. Igi tó dáa jù tó ní ló fi ṣe é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi gbẹ́ lẹ́tà rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ó kùn ún ní búlúù, ó fi funfun yí i ká: ILÉ-Ẹ̀KỌ́ TÍṢÀ. Tíṣà ti sunkún ayọ̀ nígbà tó rí i. Ní àárọ̀ yìí, nígbà tó tẹ̀ lé ìka aláyẹ̀wò wò ó, ó rí i bí ẹni tó bá orúkọ ara rẹ̀ lára ògiri àgọ́ ọlọ́pàá.

Aláyẹ̀wò yìí kì í ṣe ẹni tó ń jágbe mọ́ni. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ ti jẹ, ó sì hàn pé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn láti àdúgbò dé àdúgbò. Ó yọ téèpù ìwọ̀n jáde, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun wọn yàrá. Ìgbà yẹn gan-an ni Káfíńtà wọlé, pẹ́ńsù létí, èérún pákó nírùngbọ̀n. Kò tíì bi ẹnikẹ́ni ohun tó ṣẹlẹ̀ tó fi rí i pé téèpù náà ń tẹ̀ láàárín. Ó di orí rẹ̀ kejì mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

"Ẹ fà á le," ló wí. "Bó bá tẹ̀, irọ́ ló máa pa fún yín."

Bẹ́ẹ̀ ni ó bá ọkùnrin náà wọn yàrá méjèèjì látòkè délẹ̀. Ìgbà tó rí ojú ìyàwó rẹ̀ ló tó mọ ohun tí wọ́n ń wọn ilé fún, ó sì ju téèpù sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó.

"Pápá ìṣeré?" ni aláyẹ̀wò bi wọ́n, bírò rẹ̀ lórí ìwé.

"Títì wà níwájú ilé," ni Tíṣà wí.

"Ìwé fẹ́ kó tó ìlọ́po mẹ́ta ilé. Ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà?"

"Ibi tí mo dúró sí yìí náà ni."

"Ọ̀pá àsíá?"

"Ọ̀pá àsíá!" Káfíńtà wí. "Ṣé ọ̀pá ló ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò ni?"

Aláyẹ̀wò kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó kọ "kò sí". Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó ń wo àjà ilé, ó sì pẹ́ tó ń wò ó. Ó ní kí wọ́n fún òun ní àkàbà. Ó gun un, ó ti orí bọ inú àjà, ìbàdí rẹ̀ nìkan ló kù nísàlẹ̀ tí gbogbo ọmọ ń wò. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, eruku wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Ta ló kan òrùlé yìí?"

"Èmi ni."

"Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà tó kọjá, òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ kan wó lulẹ̀. Mo wà lára àwọn tó ń fi ọwọ́ ru pákó àti páànù kúrò. Ọmọ mẹ́fà ló kú sábẹ́ rẹ̀." Ó nu ojú. "Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gun òkè lọ wò. Kò sí nínú iṣẹ́ mi."

Káfíńtà fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé, "Tiwa ńkọ́?"

"Tiyín dáa ju ti ọ́fíìsì wa lọ."

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ nígbà náà."

Ọkùnrin náà yí ìwé náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó tún yí i síwá.

"Kò sí ibi tí mo máa kọ ọ́ sí," ló wí.

Ó wá ṣàlàyé ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Aago méjì ọ̀sán lòun máa padà. Bí wọ́n bá ti fọ́n àwọn ọmọ ká, tí ilé-ẹ̀kọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ tán. Bí òun bá tún bá ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ọmọọṣẹ́ òun máa fi wáyà àti èdìdì ti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo la ní," ni Káfíńtà wí. "Ibẹ̀ la ń gbà wọlé lọ sùn. Ibẹ̀ ni ìyá mi ń gbà dé ilé ìdáná."

"Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín nìyẹn pé kẹ́ ẹ fọ́n wọn ká."

"Èmi ni mo ra ilẹ̀ yìí. Ìwé rẹ̀ wà nínú àpótí. Búlọ́ọ̀kù ilé yìí jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì ó lé ogójì, mo mọ iye tó fọ́ nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fún mi ní ẹyọ kan."

"Mo gbà. Ilé jẹ́ tiyín."

"Ta ló wá ni ilẹ̀kùn?"

"Ilẹ̀kùn jẹ́ tiyín, sà. Ohun tí ẹ ń ṣe lẹ́yìn ilẹ̀kùn nìjọba fẹ́ mọ̀ sí."

"Tí mo bá ń sùn lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ lè sùn."

"Tí mo bá ń jó?"

"Ẹ lè jó."

"Tí mo bá ń kọ́ ọmọ aládùúgbò mi ní a, b, d?"

Aláyẹ̀wò bojú wo bàtà rẹ̀. "Àyè wà fún wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba," ló wí. "Ọ̀fẹ́ ni."

"Ọ̀fẹ́!" Ohùn kan sọ ọ́ láti ojú fèrèsé. Télọ̀ ni, obìnrin tó ń ránṣọ ní ilé òdìkejì, tó ti fìgbọ̀nwọ́ lé ojú fèrèsé wọn látìgbà tí téèpù ti jáde. "Ọmọ mi àgbà lo ọdún kan àtààbọ̀ nínú ọ̀fẹ́ yẹn. Ọmọ mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ní kíláàsì kan ṣoṣo. Ó ń sọdá títì ńlá lójoojúmọ́, ọkàn mi á sì máa bá a sọdá. Nígbà tó padà wá, kò lè kọ orúkọ mi. Ibí yìí ló ti kọ́ ọ."

"Ṣé ìwé yín yẹn béèrè bóyá wọ́n mọ̀wé kà?" Tíṣà ló bi í.

"Kò béèrè."

"Ẹ wá béèrè fúnra yín. Ẹ mú èyí tó bá wù yín nínú wọn."

Ọkùnrin náà wo àwọn ọmọ. Ó nàka sí ọmọ Oníbúrẹ́dì, ọmọbìnrin ọmọ ọdún méje tí eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti yọ. Tíṣà wá ìwé tó máa fún un kà, ṣùgbọ́n aláyẹ̀wò ní kó má ṣèyọnu, ó na fọ́ọ̀mù ọwọ́ rẹ̀ gan-an sí ọmọ náà. Bóyá ó rò pé ó máa le jù fún un ni.

Ọmọ náà gbé e sún mọ́ ojú. Afẹ́fẹ́ ń gba àlàfo eyín rẹ̀ jáde bó ṣe ń kà, ṣùgbọ́n kò fo ọ̀rọ̀ kan: "Nínú òfin yìí, ilé-ẹ̀kọ́ ni ibikíbi tí ọmọ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọn kì í ṣe ọmọ inú ilé náà, bá ti ń péjọ lábẹ́ òrùlé kan láti gba ẹ̀kọ́."

"Ó tó," ni aláyẹ̀wò wí. Ó gba fọ́ọ̀mù náà, ó ya ẹ̀dà rẹ̀ fún Káfíńtà. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó bojú wẹ̀yìn. "Ó kà á dáadáa. Kò sí ibi tí mo máa kọ ìyẹn náà sí."

Bó ti jáde ni ìjà wọlé.

"Ta ló rán yín?" ni Tíṣà wí. "Mo ní, ta ló rán yín níṣẹ́ pátákó? Ọdún mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó yọ wá lẹ́nu!"

"Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́, Tíṣà, orúkọ rẹ ò sì sí níbì kankan. Ohun tó dùn mí nìyẹn."

"Ẹ ṣeun. Ó ti dé ọ́fíìsì ìjọba báyìí."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbẹ́ ẹ."

"Ẹ ò bá ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sùn!"

Màmá yọrí láti ilé ìdáná, ṣíbí ńlá lọ́wọ́. "Ṣé mi ò sọ ọ́ ní Jímọ̀? Mo ní kó gbé e kọ́ sínú yàrá, ká máa wò ó bíi fọ́tò. Ó ní rárá, gbogbo ayé gbọ́dọ̀ rí i. Ayé ti rí i."

"Màmá, ẹ bójú tó tiyín," ni Káfíńtà wí. "Ẹ̀wà ń jó."

"Jẹ́ kó jó. Ta ló kù tó máa jẹ ẹ́?"

Àwọn ọmọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí Káfíńtà kàn fún wọn, ọwọ́ lórí itan, wọ́n ń wo àgbàlagbà mẹ́ta tó ń jà nítorí wọn. Òórùn ẹ̀wà jíjó rọra wọ pálọ̀. Káfíńtà gbé àkàbà jáde, ó tú pátákó sílẹ̀, ó gbé e lọ sẹ́yìn ilé. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí kó ṣọ́ọ̀kì sínú agolo, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àní àwọn tó ti kúrú tí kò ṣeé dì mú.

Ìròyìn ti dé gbogbo títì. Oníbúrẹ́dì dé pẹ̀lú ìyẹ̀fun lápá. Wẹ́dà tó ń jó irin ní ìkángun títì dé, ó gbé awò ojú dúdú rẹ̀ sórí irun. Akọ̀wé kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì dé láti wá mú ọmọ rẹ̀. Wọ́n dúró ní iwájú ilé, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nípa ìjọba, nípa títì ńlá, nípa ọmọ kan tí ọkọ̀ gbá níbẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Téèpù aṣọ wà lọ́rùn Télọ̀, ó ń fi ìka wé e, ó ń tú u. Ó pe ọmọ Oníbúrẹ́dì.

"Ìwọ, wá. Gba ìwé tí ọkùnrin yẹn fi sílẹ̀. Tún ibi tó o kà lẹ́ẹ̀kan kà fún mi."

Ọmọ náà tún un kà.

"Mẹ́wàá ló wí?"

"Mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, mà."

"Tó bá jẹ́ mẹ́sàn-án ńkọ́?"

Télọ̀ yíjú sí àwọn àgbà. "Mo ní, tí ọmọ mẹ́sàn-án bá jókòó sínú ilé mi, kí ni òfin ń pè é?"

"Àlejò ló ń pè é," ni Màmá wí láti ilé ìdáná.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, lójijì ni olúkúlùkù sì rí ohun tí Télọ̀ rí.

"Yàrá iwájú mi ṣófo títí di ọ̀sán," ni Télọ̀ wí. "Tíṣà, ẹ fún mi ní mẹ́sàn-án."

"Kẹ́ ẹ máa fi wọ́n ṣe kí ni?" Tíṣà di agolo ṣọ́ọ̀kì mọ́ àyà. "Ta ló máa kọ́ wọn? Báwo ni mo ṣe máa gbọ́ wọn láti ibí?"

"Ọmọọṣẹ́ mi àgbà, ta ló kọ́ ọ níwèé? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni? Ó máa kọ́ wọn títí tẹ́ ẹ fi máa yọjú."

"Èmi ní àtíbàbà," ni Wẹ́dà wí.

"Àtíbàbà ibi tó o ti ń jó irin?" Oníbúrẹ́dì bi í. "Ṣé o fẹ́ yan ọmọ ọlọ́mọ jẹ ni?"

"Mi ò ní tan iná títí di aago méjì. Ìwọ ńkọ́, tí ilé rẹ gbóná ju tèmi lọ?"

"Ààrò mi ti parí iṣẹ́ láti aago méje. Yàrá tá a ti ń kó búrẹ́dì sí wà níbẹ̀. Mo máa mú mẹ́sàn-án, ọmọ tèmi ò sì sí lára kíkà, ọmọ inú ilé ni." Ó yíjú sí àwọn tó kù bí ẹni tó rẹ́ni jẹ. "Ẹ ò rí i? Mẹ́wàá ni tèmi!"

Akọ̀wé kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ti di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. "Ẹ má bínú, Tíṣà," ló wí. "Ẹ ti gbìyànjú fún un. Ṣùgbọ́n èmi fẹ́ ibi tó ní ìwé àṣẹ. Ọmọ mi ò ní kàwé láàárín ìyẹ̀fun."

Wẹ́dà fẹ́ sọ̀rọ̀. Tíṣà fi ojú dá a dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá ọmọ náà so okùn bàtà rẹ̀, ó ní kó máa ka ojú ewé kan lójúmọ́. Bàbá rẹ̀ ló bí i, òun ló sì mọ ibi tó fẹ́ kó wà. Wọ́n lọ. Ó ku mẹ́tàlélógójì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án àtààbọ̀ sí aago mẹ́wàá, Tíṣà ò mọ bó ṣe máa ròyìn rẹ̀ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò jókòó ṣe ìpàdé. Ẹnikẹ́ni ò kọ orúkọ sílẹ̀. Ó kàn rí bẹ́ǹṣì tó ń jáde nílé, ọmọ mẹ́rin lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan bí eèrà tó ru ìyẹ́. Káfíńtà gé pátákó ìkọ̀wé dúdú ńlá sọ́nà márùn-ún pẹ̀lú ayùn, ó ń fá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó má ha wọn lọ́wọ́. Télọ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Wẹ́dà ń gbá ìdọ̀tí irin pẹ̀lú ìgbálẹ̀ tí kò fọwọ́ kàn láti oṣù méjì. Dẹ́rẹ́bà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ilé kẹta, tí kò lọ́mọ kankan níbẹ̀, jáde wá bi wọ́n pé kí ni gbogbo ariwo yìí. Wọ́n sọ fún un. Ó lọ, ó gbálẹ̀ fàráńdà rẹ̀, ó jókòó, ó ń retí. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò dé, ó pariwo láti ibẹ̀ pé, "Tèmi dà?"

Mẹ́fà tó kéré jù ni wọ́n fún un.

Nígbà tó di aago mẹ́wàá, ọmọ mẹ́sàn-án péré ló kù ní pálọ̀ Tíṣà. Ó dúró láàárín yàrá méjèèjì bó ṣe máa ń dúró, yàrá kejì sì ṣófo. Ọdún mọ́kànlá ló fi rò pé ọwọ́ òun ni gbogbo rẹ̀ wà, pé bí òun bá mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lásán, ó máa fọ́. Ó ti jáde lọ lójú rẹ̀ láàárín ààbọ̀ wákàtí, kò sì fọ́.

Ó fi àwọn mẹ́sàn-án tirẹ̀ sídìí ìsọdipúpọ̀, ó bọ́ sí títì.

Ní ilé Télọ̀, ọmọọṣẹ́ náà ti ká aṣọ sí méjì, ó tún un ká sí mẹ́rin, ó tún un ká sí mẹ́jọ, àwọn ọmọ sì ń pe ìdá rẹ̀ bó ṣe ń ká a. Lórí fàráńdà, Dẹ́rẹ́bà ń kọ́ àwọn mẹ́fà ní lẹ́tà láti ara nọ́mbà ọkọ̀ tó ń kọjá. Bí ọkọ̀ bá sáré jù, á bú awakọ̀ náà, àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á dúró de òmíràn. Ní ilé Oníbúrẹ́dì, ìdíje ló ń lọ lórí iye búrẹ́dì tó máa wọ inú àpótí méje. Tíṣà yọjú, ó yọwọ́. Lẹ́ẹ̀mejì ló ya ẹnu láti tún nǹkan ṣe, lẹ́ẹ̀mejì ló pa á dé.

Nígbà tó dúró láàárín títì, ohùn márùn-ún ló ń bọ̀ sí etí rẹ̀ láti ọ̀nà márùn-ún. Àwọn kan wà lórí mẹ́ta lọ́nà mẹ́fà, àwọn kan ti dé orí mẹ́jọ, àwọn kan kò kà á rárá, wọ́n ń kọrin lẹ́tà. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra sókè fúnra rẹ̀ láti dá wọn dúró kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ pọ̀. Ó wo ọwọ́ náà. Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Ní ọ̀sán, Màmá bu ẹ̀wà òkè ìkòkò tí kò jó jù sí abọ́ márùn-ún, Oníbúrẹ́dì sì gé búrẹ́dì tì í. Káfíńtà ló gbé abọ́ káàkiri. Ìyàwó rẹ̀ kò tíì bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fún un ní abọ́ tó kẹ́yìn, ó sì dúró.

"Bẹ́ǹṣì tẹ́ ẹ ṣe yẹn kò wúwo," ni Tíṣà wí níkẹyìn. "Ọmọ mẹ́rin lè gbé e."

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni."

Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn.

Aago méjì géérégé, aláyẹ̀wò dé pẹ̀lú ọkùnrin méjì, ọ̀kan gbé wáyà, ìkejì gbé àpótí èdìdì. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sókè ẹnu ọ̀nà, kò rí nǹkan níbẹ̀ àfi ihò ìṣó mẹ́rin. Ó wọlé. Ó ka àwọn ọmọ. Ó tún wọn kà.

"Mẹ́sàn-án," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Tíṣà wí. Ilẹ̀kùn wà lẹ́yìn ọkùnrin tó gbé wáyà.

"Àwọn yòókù dà?"

"Ẹ tẹ́tí."

Ó tẹ́tí. Ó jáde, ó wọ ilé Télọ̀, ó kà. Ó lọ sí ti Oníbúrẹ́dì, ó kà, ó béèrè pé ọmọ ta ni ẹni kẹwàá, ọmọ aláìléyín sì dìde, ó ní, "Èmi ni mo ka fọ́ọ̀mù yín láàárọ̀, sà. Ilé wa nìyí." Ó kọjá sí fàráńdà Dẹ́rẹ́bà. Ó dé abẹ́ àtíbàbà Wẹ́dà. Àwọn aládùúgbò ti yọ sójú títì, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ta ló ṣètò èyí?" ló bi wọ́n.

"Èmi gba mẹ́sàn-án sínú ilé mi," ni Télọ̀ wí. "Mi ò mọ ti ẹlòmíràn."

"Èmi rí i pé Télọ̀ mú, lèmi náà bá mú," ni Wẹ́dà wí.

"Wọ́n tiẹ̀ fẹ́ gbàgbé tèmi," ni Dẹ́rẹ́bà wí.

Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, ọkùnrin náà sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó mú fọ́ọ̀mù jáde. Ibì kan wà níbẹ̀ tó ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ó gbé bírò lé ibẹ̀, ó wo títì láti òkè dé ìsàlẹ̀, bírò náà kò sì rìn.

"Ọ̀gá, èwo ni ká tì?" ni ẹni tó gbé wáyà bi í.

Ọmọ kan ṣi ìṣirò ní ilé Télọ̀, àwọn tó kù tún un ṣe fún un, ọkùnrin náà sì dúró títí wọ́n fi rí i gbà.

"Ẹ ká wáyà yín," ló wí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì kà á síta kí Káfíńtà lè gbọ́: "Mi ò bá ilé-ẹ̀kọ́ níbí." Ó ká fọ́ọ̀mù náà. "Wọ́n lè yí iye náà padà o. Wọ́n lè sọ ọ́ di márùn-ún lọ́dún tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá rán mi, mo máa padà wá."

"Ilé pọ̀," ni Télọ̀ wí.

Ọkùnrin náà wò ó, ó sì jọ pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ síwájú lórí gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ tó ti jẹ, àwọn méjèèjì sì tẹ̀ lé e.

Káfíńtà kò hó yèè. Ó lọ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ṣí i, ó tì í, ó tún ṣí i. Tíṣà rìn wọ abẹ́ àtíbàbà Wẹ́dà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti gbójú sókè wò ó.

Férémù gétì kan wà nílẹ̀. Ọmọbìnrin kan nínú àwọn tó dàgbà kúnlẹ̀ níbi igun rẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì àti okùn, àwọn mẹ́jọ yòókù bò ó. Ó sàmì sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lápá kan, mẹ́rin lápá kejì, ó na okùn láti àmì sí àmì.

"Márùn-ún!" ni wọ́n ké.

"Igun náà gún nígbà náà," ni ọmọ náà wí. "Bí kò bá pé márùn-ún, tàbí tó bá lé, ó ti wọ́ nìyẹn."

Tíṣà ti kọ nọ́mbà mẹ́ta wọ̀nyí sára pátákó rí, ó ti ní kí wọ́n há a sórí. Kò mọ̀ rí pé ó ń mú ilẹ̀kùn dúró. Ó bojú wẹ̀yìn, ọkọ rẹ̀ sì dúró níbẹ̀.

"Ṣé ẹ mọ èyí?"

"Òun la fi ń kọ́lé," ni Káfíńtà wí. "Òun ni mo fi kan òrùlé wa."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"O ò bi mí."

Tíṣà fa ẹ̀gbẹ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó wá àyè sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ọmọ.

"Háà, Tíṣà, ẹ má jókòó o!" ni Wẹ́dà ké. "A máa di mẹ́wàá!"

Ó ti jókòó. "Sún síbẹ̀," ló wí fún ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì na ọwọ́ gba orí okùn. "Tún un ṣe. Jẹ́jẹ́, kí n rí i."